Ẹrẹ̀ Ọ̀sà Ló Yẹ Kí Wọ́n Máa Yẹ̀ Wò

Bí òjò bá rọ̀ ní Apple Junction ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, l'Ékòó, ohun tí aráàlú máa ń ráhùn lé lórí ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àti omi tó gba ojú títì. Bí omi náà bá ti fà, ọ̀rọ̀ ti parí, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi náà kò dédé pòórá. Inú gọ́tà ló gbà, gọ́tà gbé e fún kànáàlì, kànáàlì gbé e fún ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Festac, ọ̀sà tó ti Àgbádárìgì wá, tó gba ẹ̀gbẹ́ Kírìkírì àti Tin Can kọjá lọ pàdé òkun. Kò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ohun tó já bọ́ lára mọ́tò, tó dà nù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ní ilé-iṣẹ́ àti lórí àkìtàn láti ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn ló kó dání. Apá tó ń jẹrà nínú ẹrù yẹn, bó pẹ́ bó yá, yóò jẹrà. Apá tí kì í jẹrà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: òjé, bàbà, síńkì, kádímíọ̀mù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn èròjà irin tí iná kò lè jó di asán, tí kòkòrò kankan kò sì lè jẹ tán. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n ń forí tì sí níkẹyìn. Èrò mi ni pé ẹrẹ̀ yìí, kì í ṣe omi orí rẹ̀ nìkan, ló yẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ àyíká fún wa máa yẹ̀ wò, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé àṣẹ láti wa yanrìn nínú ọ̀sà yìí tàbí láti fi yanrìn kún un kí wọ́n tó yẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò, kí gbogbo ayé sì rí èsì rẹ̀.

Ojú títì fúnra rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn láti gbà pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń ba omi jẹ́. Síńkì wà nínú rọ́bà táyà. Bí táyà ṣe ń jẹ lórí ọ̀dà ni síńkì ń dà sílẹ̀. Bàbà wà nínú ọ̀pọ̀ pádì bíréèkì. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, eruku bàbà bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣòfin ní 2010 pé kí bàbà inú pádì bíréèkì máa dín kù títí kò fi ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ní 2025, nítorí wọ́n tọpa bàbà tó wà nínú omi ẹ̀gbẹ́ San Francisco títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ wá ro iye ìgbà tí táńkà àti tírélà ń tẹ bíréèkì láti Mile 2 dé Àmùwò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn òjé kéékèèké tí fọ́kànáísà ń kàn mọ́ ríìmù láti fi báláǹsì táyà, wọ́n ń já bọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì lọ̀ wọ́n kúnná. Bátìrì mọ́tò ńkọ́? Òjé ló kó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ké “kọ̀ńdẹ́mù bátìrì” kiri àdúgbò kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi omi inú rẹ̀ ṣe, torí omi kò lówó lórí. Ilẹ̀ tàbí gọ́tà ni ásíìdì yẹn sábà ń bá lọ, òjé tó ti yọ́ sínú rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí ni tòkunbọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fún Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan. Inú mọ́tò àlòkù ni wọ́n di èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, bí ẹni di ẹ̀wà sínú àpò, nǹkan bí ẹ̀rọ kan nínú márùn-ún tí wọ́n sì dán wò ni kò ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdúgbò yìí mọ bí ọ̀nà ẹrù náà ṣe ń lọ: láti èbúté Tin Can sí ọjà Alábà, láti Alábà sí ọwọ́ àwọn atúnṣe, láti ọwọ́ àwọn atúnṣe sí àkìtàn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń sun wáyà kí bàbà inú rẹ̀ lè jáde. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tàbí méjì ni. Gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà jẹun ní apá ibí yìí ló ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tó ń rì sísàlẹ̀ ọ̀sà.

Báwo ni a ṣe ń ṣọ́ ọ? Ohun tí olùṣàyẹ̀wò sábà máa ń ṣe ni pé yóò bu omi sínú ìgò, yóò gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, yóò wá kọ̀wé pé omi náà dára tàbí kò dára. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn fún odò tó dúró sójú kan. Ọ̀sà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń kún wọ inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà padà. Omi tí a bù láàárọ̀ ti lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà òjò, omi dídùn láti òkè a ṣan gbogbo rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣí páìpù rẹ̀ lóru kò ní ìdí láti bẹ̀rù olùṣàyẹ̀wò tó ń wá lọ́sàn-án. Ẹrẹ̀ ni kì í tètè gbàgbé. Èròjà irin kì í pẹ́ lójú omi kó tó lẹ̀ mọ́ amọ̀ kíkúnná àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà, tí gbogbo wọn á sì jọ rì. Ti ọdún yìí á bo ti èṣí mọ́lẹ̀, ti èṣí ti bo ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Bí a bá fi páìpù gún ẹrẹ̀ náà, tí a fà á jáde ní odindi, tí a wá gé e ní ìpele ìpele, a ó rí iye òjé tó wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù nígbà kan rí wà níbẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà fi ẹnu kò ní Dákà ní 2001 láti jáwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì jáwọ́ pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Ṣùgbọ́n Festac tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún àṣà ti 1977, àti èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí lọ́dún yẹn kan náà, ti fi ju ogún ọdún lọ wà nínú èéfín rẹ̀. Èéfín ti lọ. Òjé kò bá a lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta kò mí á kọ́kọ́ sọ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní irin nínú, pé Ọlọ́run ló dá òjé àti bàbà. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ gba orí rẹ̀ fò. Ilẹ̀ pupa tí a ń tẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, irin ló sọ ọ́ di pupa, òjò sì ń gbá a wọ inú ọ̀sà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìwé kan jáde tó ní irin pọ̀ nínú ẹrẹ̀ Èkó kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti bá wa yanjú èyí. Wọn kì í ka iye òjé lásán. Wọn a fi í wé àlùmíníọ́mù tàbí irin inú amọ̀ náà, torí pé ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ilẹ̀ nìkan bá ló ń gbé òjé wá, ìdíwọ̀n òjé sí àlùmíníọ́mù gbọ́dọ̀ bára mu lókè àti nísàlẹ̀. Bí ti òkè bá fò sókè ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ọwọ́ ènìyàn ló wà ńbẹ̀. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Müller, ti gbé ìṣirò irú èyí kalẹ̀ láti 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń lò ó títí di òní. Ní 1991 ni Okoye, Afolabi àti Ajao tẹ ìwádìí wọn jáde lórí èròjà irin inú ẹrẹ̀ ọ̀sà Èkó, wọ́n sì tọ́ka sí ìdọ̀tí ìgboro àti ti ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fi kún un. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé. Kì í ṣe ìmọ̀ ló kù wá kù.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú ní ẹ̀yìn Festac ni wíwa yanrìn. Ẹni tó bá gba etí ọ̀sà kọjá nígbà tí omi fà á gbọ́ òórùn kan bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Imí ọjọ́ ni òórùn yẹn, ó sì wúlò ju bí ó ṣe ń rùn lọ. Nínú ẹrẹ̀ dúdú tí afẹ́fẹ́ kò dé, òun ló ń di òjé, kádímíọ̀mù àti síńkì mú tí wọn kò fi lè rìn. Bí ẹ̀rọ awayanrìn bá ki ẹnu bọ̀ ọ́, tó ru ẹrẹ̀ náà sókè, afẹ́fẹ́ á kàn án, ìdè náà á já, omi inú rẹ̀ á kan bí ásíìdì, irin tó ti sùn láti ogún ọdún á sì tú padà sínú omi tí edé àti akàn ń mu. Iyọ̀ òkun tún ń kún un lọ́wọ́, torí kádímíọ̀mù a máa fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ bá èròjà iyọ̀ lọ. Yanrìn ni awayanrìn ń wá ní tirẹ̀, ẹrẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló wà lórí yanrìn, ibì kan ló sì gbọ́dọ̀ dà á sí. Kí ni òfin wí? Òfin 1992 tó dá àyẹ̀wò ìpalára àyíká sílẹ̀ sọ pé dandan ni àyẹ̀wò náà fún wíwa yanrìn tó bá gba 50 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sọ bákan náà nípa kíkún etí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ kún 10 hẹ́kítà ńkọ́? Mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún, àádọ́ta ni, kò sì sí ẹni tó tíì rú òfin.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ẹrẹ̀ tó ti lóró tún ni ìṣòro mìíràn. Ìwé tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ àti ẹrẹ̀ wò ní Nàìjíríà máa ń dì mú ni ìlànà tí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó epo rọ̀bì ṣe, tí wọ́n tún ṣe ní 2002. Ohun tó wà níbẹ̀ fún òjé ni 85 miligíráàmù nínú kílò kan gẹ́gẹ́ bí ibi tó yẹ kí a wà, àti 530 gẹ́gẹ́ bí ibi tí àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti inú òṣùwọ̀n ilẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n ti mú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Kánádà, tó ṣe tirẹ̀ fún ẹrẹ̀ etí òkun ní pàtó, fi 30.2 síbẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìpalára bí òjé bá kọjá rẹ̀. Ẹ mú ẹrẹ̀ kan tó ní 100. Lójú Kánádà, ó ti kọjá ààlà ní ìlọ́po mẹ́ta. Lójú ìwé tiwa, kò tíì sí ohun tó ń béèrè ọwọ́ ẹnikẹ́ni. N kò sọ pé kí a kàn da ti Kánádà kọ. Omi wọn tutù, akàn wọn kì í ṣe akàn wa, amọ̀ wọn kì í ṣe amọ̀ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé NIOMR, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti 1975, wà ní Victoria Island, yunifásítì LASU wà ní Ọ̀jọ́ níbi tí kò jìnnà sí ọ̀sà yìí rárá, yunifásítì UNILAG wà létí ọ̀sà gan-an ní Akọka. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá lè jókòó kọ òṣùwọ̀n kan tó jẹ́ ti ọ̀sà Èkó, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́ ni.

Àtakò kejì ni èyí tí mo kà sí jù, torí ẹnu àwọn tó ń jẹ láti inú ọ̀sà ló ti ń wá: a ti ń jẹ ẹja yìí láti ayé àwọn baba wa, kò pa wá. Àwọn apẹja Minamata ní Jàpáànù náà ti jẹ ẹja ibẹ̀ láti ayé baba tiwọn. Ilé-iṣẹ́ Chisso ń da omi tó ní mákúrì sí etí òkun wọn. Ní 1956 ni wọ́n fi ojú gbangba mọ̀ pé àìsàn kan wà, síbẹ̀ 1968 ni ilé-iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Láàárín ọdún méjìlá yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn kò jìnnà sí pé kò pa wọ́n rí. Kò sí ẹni tó sọ pé Èkó ti di Minamata. Mákúrì inú ẹja yàtọ̀ sí òjé inú ẹrẹ̀, òjé kì í sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹran ara ẹja. Inú akàn, edé, ìṣáwùrú àti àwọn tó ń jẹ ẹrẹ̀ mọ́ oúnjẹ ni kí a kọ́kọ́ wò. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ kí èsì àyẹ̀wò jáde ní gbangba. Bí kò bá jáde, àhesọ ni yóò gba ipò rẹ̀, lọ́jọ́ tí àhesọ bá sì gba ọjà, àwọn Àwórì, Ìlàjẹ àti Ègùn tó ń pẹja ni yóò sanwó rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó da òjé sínú omi. Ní ti ikú, òjé kì í sábà pani lọ́jọ́ kan. Ọpọlọ ọmọdé ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí iye òjé kankan tí a mọ̀ pé kì í ṣe ìpalára. Bó bá sì pọ̀ tó, ó ń pani lóòótọ́: ní Thiaroye-sur-Mer, àdúgbò apẹja kan létí Dákà, ọmọ méjìdínlógún ló kú láàárín November 2007 àti March 2008 nítorí òjé bátìrì tí wọ́n ń tú ládùúgbò. Ní Zamfara ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni òjé ibi ìwakùsà wúrà pa.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ Alábà àti mẹkáníìkì. Rárá. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn àti ti àwọn ọmọ wọn ni òjé ń kọ́kọ́ wọ̀, kí ó tó dé inú akàn. Ìwádìí ẹrẹ̀ kò ti ṣọ́ọ̀bù kankan pa. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi hàn ẹnu kànáàlì tó burú jù, kí ìjọba lè mọ ibi tí ilé ìkóbátìrìsí, ibi ìgbàásíìdì àti páìpù ilé-iṣẹ́ tó yẹ ní àtúnṣe wà. Lónìí, nítorí pé a kò mọ ibi tó ti ń wá, gbogbo ènìyàn ni a ń dá lẹ́bi, ẹni tí kò lágbára ni ọlọ́pàá àyíká sì ń mú.

Owó ńkọ́? Kíkó gbogbo ẹrẹ̀ náà kúrò kò ṣeé ṣe, kò sì bọ́gbọ́n mu. Láti 1977 títí di 1990 ni Jàpáànù fi ń wa ẹrẹ̀ Minamata, tí wọ́n ń fi ògiri ká a mọ́, tí wọ́n ń sin ín. Ó sàn kí a wo Rotterdam. Èbúté yẹn gbọ́dọ̀ máa wa ẹrẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ lè wọlé, ṣùgbọ́n ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹrẹ̀ náà ti lóró débi tí wọn kò lè dà á padà sí òkun. Ní 1987, wọ́n kọ́ kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Slufter láti máa kó o sí. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fi àyẹ̀wò ẹrẹ̀ tọpa odò Rhine lọ sókè, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, títí wọ́n fi dé ẹnu páìpù àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń da irin náà nù, wọ́n sì bá wọn wọ àdéhùn láti dín in kù. Ẹrẹ̀ tuntun tó ń dé èbúté náà ti mọ́ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Odò wọn gba orílẹ̀-èdè mẹ́fà kọjá. Kànáàlì tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn wà.

Ta ni kó ṣe é? Láìpẹ́ yìí ni ìjọba Èkó àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ bá ara wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lórí ẹni tó ni àṣẹ lórí omi inú ilẹ̀, ilé ẹjọ́ náà sì dá NIWA láre ní January 2024. Ẹjọ́ lórí ẹni tí yóò máa gba owó ìwé àṣẹ, a ti ṣe é dé òpin. Ẹjọ́ lórí ẹni tí yóò yẹ ẹrẹ̀ wò, kò tíì sí ẹni tó pè é. Àbá tèmi ni pé kí NIWA má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ wíwa yanrìn tàbí kíkún ọ̀sà láti Ìjẹ̀gùn títí dé Tin Can, bó ti wù kí ilẹ̀ náà kéré tó, láìjẹ́ pé wọ́n ti gé ẹrẹ̀ ibẹ̀ ní ìpele, tí ilé àyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà sì ti ka òjé, kádímíọ̀mù, bàbà, síńkì àti mákúrì inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yanrìn ni kó sanwó àyẹ̀wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó yanrìn tírélà ẹgbẹ̀rún, kò tó nǹkan. LASEPA, àjọ àyíká ti ìjọba Èkó, àti NESREA, ti ìjọba àpapọ̀, ni kí wọ́n jọ gba èsì, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin àti létí omi níbi tí wọ́n ti ń já ẹja, ní Yorùbá àti ní Ègùn, kí ẹni tó ń ra akàn lè kà á. Ìwé ìbéèrè àṣẹ tó bá wà lórí tábìlì NIWA lónìí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.